Àrùn Tí A Pè Ní Kògbóògùn àti Àwọn Ọ̀dọ́ Ìgbèríko

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ṣùgbọ́n inú èdè ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Láìpẹ́ yìí ni mo bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan dé aba kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn. Ọ̀kadà ló gbé wa, nítorí pé ọkọ̀ kì í dé ibẹ̀ lásìkò òjò. Iṣẹ́ tí wọ́n bá lọ ni láti la àwọn ọ̀dọ́ lọ́yẹ̀ nípa ìbálòpọ̀, oyún àìròtẹ́lẹ̀ àti àwọn àrùn tí ń ti ara ìbálòpọ̀ wá. Abẹ́ igi máńgòrò la jókòó sí. Nǹkan bí ogún ọ̀dọ́ ló wá. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, àdá ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó sọ̀rọ̀ títí ó fi kan "àrùn kògbóògùn", ó sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ni ọmọkùnrin kan bá nawọ́ sókè, ó ní: "Ẹ má bínú o, mà. Ẹ ní kò gbóògùn. Bí ẹ bá wá yẹ̀ mí wò tí ẹ bá a lára mi, kí lẹ fẹ́ fún mi?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣàlàyé fún un, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta péré ló ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà.

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn gbọ́ Yorùbá ju àwa tí a sọ àrùn náà lórúkọ lọ.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kéde àrùn yìí ní Nàìjíríà ní 1986, orúkọ náà bá a mu. Nígbà tí Fẹlá kú ní 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, sọ fún aráyé pé Éèdì ló pa á, jìnnìjìnnì bo ọ̀pọ̀ ilé, orúkọ náà sì túbọ̀ rinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2002 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn rẹ̀, nígbà tó sì di 2006, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè ti ara ìbálòpọ̀ kó o ran ẹlòmíràn. Ìyá tó ń lò ó lè bí ọmọ tí kò ní in. Lóòótọ́, oògùn náà kò lé kòkòrò yìí lọ pátápátá. Ṣé oògùn ń lé àtọ̀gbẹ lọ ni? Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Kí ló dé tí a kò pe àwọn yẹn ní kògbóògùn?

Orúkọ kejì kò sàn jù ú lọ. Ara AIDS ni a ti fa "Éèdì" yọ, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ "èèdì" tí àwọn àgbà mọ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi di èèyàn tí kò fi ní mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Ìyá àgbà kan ní aba yẹn kan náà sọ fún mi pé ẹni tí wọ́n bá fi èèdì dì, ilé babaláwo ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe ọsibítù. Ta ni yóò dá màmá náà lẹ́bi?

Àwọn kan yóò sọ pé orúkọ abanilẹ́rù ló yẹ ọ̀dọ́, kí wọ́n lè pa ara wọn mọ́. N kò fojú kéré èrò yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì kó àrùn náà nìkan ni ẹ̀rù yẹn lè ṣe láǹfààní. Ẹni tó ti kó o láìmọ̀, ńṣe ni a ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò tíì lọ́kọ gbọ́ "ìfètò-sọ́mọ-bíbí", ó ní ọ̀rọ̀ àwọn abilékọ nìyẹn, ó sì dìde lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa tọ́jú "abẹ́" wọn, kò sì sọ èyí tó jẹ́ abẹ́. Àdàpè olè ní ń jẹ́ "ọmọ ń fẹ́wọ́". Wọ́n á ní àṣà Yorùbá ló ní kí á máa fi ọ̀rọ̀ bò. Àṣà wo? Ẹ bi ará Ìbàdàn tó mọ orin ọdún Òkèbàdàn! Àwọn baba wa mọ ìgbà tí a ń bo ọ̀rọ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tí a ń tú u sílẹ̀.

Ní tèmi, mo dábàá "àrùn aloògùn-lójoojúmọ́". Mo mọ̀ pé ó gùn, kò sì tíì mọ́ni lẹ́nu. Bí ẹ bá ní èyí tó dùn ún pè jù ú lọ, ẹ mú un wá. Ó di ẹ̀yìn òjò kí àwọn òṣìṣẹ́ náà tó padà sí aba yẹn, mo sì ti ṣèlérí fún nọ́ọ̀sì pé n óò fi orúkọ mìíràn ránṣẹ́ sí i kó tó di ìgbà náà.