Ìka Tó Ṣẹ̀ Ni Kí Ẹ Gé

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí lọ, ìwà kan wà láàárín àwọn tó ń fi ìbọn díje lọ́nà jíjìn ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti sọ di ọgbọ́n. Àwa ò gbà pé ọgbọ́n ni. Ìrẹ́jẹ ni, ara wọn ni wọ́n sì ń rẹ́ jẹ.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Ẹni tó fẹ́ yìnbọn lu pátákó tó wà ní yáàdì 1,000, ìyẹn mítà 914, kò lè kàn nà án sí i gbọọrọ kó yìn ín. Bí wọ́n bá ti to ráífù .308 kó máa bá àmì ní yáàdì 100, ọta rẹ̀ yóò ti wálẹ̀ tó bíi mítà 10 kó tó dé yáàdì 1,000. Ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ló ń sọ bí wọn yóò ṣe gbé ẹnu ìbọn sókè tó. Wọ́n á sọ fún un bí ọta ṣe yára tó lẹ́nu ìbọn, bó ṣe ń la afẹ́fẹ́ kọjá, bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tàbí tutù tó. Ẹ̀rọ á sì dáhùn.

Bí ọta bá wá bọ́ sísàlẹ̀ ju bí ẹ̀rọ ṣe wí lọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìyára ọta kù nínú ẹ̀rọ títí ìdáhùn yóò fi bá ihò ara pátákó mu. Truing ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ihò kì í purọ́, nítorí náà ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Lóòótọ́, ihò kì í purọ́, ṣùgbọ́n ihò kì í sọ ìdí. Bí ìyára tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ bá fi ìdá 1 nínú 100 ju ti òótọ́ lọ, ọta yóò bọ́ sísàlẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 20. Bí awò orí ìbọn bá ń yí ní ìdá 2 nínú 100 dín sí iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 20 náà ni. Bó bá jẹ́ ooru àná ni wọ́n kọ, tí òtútù sì mú lónìí, afẹ́fẹ́ tútù ki ju ti gbígbóná lọ, ọta yóò tún bọ́ sísàlẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta, ihò kan náà.

Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹni tó gé ìka ìyára nítorí ẹ̀ṣẹ̀ òtútù, bí ìgbà ooru bá dé, orí pátákó ni ọta rẹ̀ yóò máa gbà kọjá. Bó bá sì jẹ́ nọ́ńbà bí ọta ṣe ń la afẹ́fẹ́ kọjá ló ṣì, irọ́ tó bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀ ní yáàdì 1,000 yóò tú ní yáàdì 500.

Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó ń fi ọta ẹyọ kan ṣe gbogbo èyí. Ìbọn tó ń kó ọta rẹ̀ jọ sínú sẹ̀ǹtímítà 3 ní yáàdì 100, ìbọn dáadáa ni. Ní yáàdì 1,000, yóò fọ́n wọn ká tó sẹ̀ǹtímítà 30, atẹ́gùn ò sì tíì dá sí i. Báwo ni ọta kan ṣoṣo yóò ṣe jẹ́rìí lórí ọ̀ràn sẹ̀ǹtímítà 20?

Benjamin Robins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti la ọ̀nà tó tọ́ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1742. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣírò ọ̀nà ọta ń ṣe é bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ò já mọ́ nǹkan kan. Robins ò lọ́ nọ́ńbà kankan. Ó so pátákó wúwo rọ̀ bíi jangirọ́fà, ó yìnbọn lù ú, ó wo bó ṣe fì tó, ó sì ti ibẹ̀ ṣírò ìyára ọta. Bó ṣe fi hàn nìyẹn pé agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń fa ọta sẹ́yìn pọ̀ gan-an.

Ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára ọta wà lọ́jà lónìí. Kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n fi rúlà gígùn yẹ awò wò. Kí wọ́n ka ojú ọjọ́ níbi tí wọ́n dúró sí. Kí wọ́n yin ọta púpọ̀, ní ọ̀nà jíjìn mélòó kan. Bí ìyàtọ̀ bá ṣì ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n tún un ṣe díẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀.

Ẹ lè ní kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú èyí. Ó kàn wá. Láàárín wa, ẹni tó gba ohùn àgbà sílẹ̀, tí ohùn náà ò bá òfin gírámà tó kà nínú ìwé mu, tó wá yí àmì ohùn padà kí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lè gún, truing ló ṣe. Ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè: ṣé etí mi ni, ṣé ẹ̀ka èdè ìlú náà ni, àbí òfin yẹn ni kò tó? Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹnu àgbà ló tún ṣe. Olùkọ́ lè fún un ní máàkì o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé iṣẹ́ náà padà lọ sí ìlú àgbà yẹn lọ́la, tó kà á sétí wọn, yóò gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ.