Ìdíje Ìparí Ọdún Nínú Tẹníìsì Orí Tábìlì

Àwọn ẹlòmíràn a máa wí pé ìdíje tí a fi ń kádìí ọdún nínú eré tẹníìsì orí tábìlì kò tọ́, pé ẹni tí ó ti ń fakọ yọ láti oṣù kìn-ín-ní kò yẹ kí ó pàdánù ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Èmi kò bá wọn rò bẹ́ẹ̀. Láti 1996 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní Tianjin, ní ilẹ̀ Ṣáínà, àmì tí eléré kó jọ láàárín ọdún ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ti ń kó máàkì jọ láti sáà dé sáà. Ní Fukuoka, ní ilẹ̀ Jàpáánì, ní 2024, ọkùnrin 16 àti obìnrin 16 péré ni ó figagbága ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ ti gba ìyìn tirẹ̀ ná.

Ọ̀nà tí a fi ń kó àmì náà jọ ni ó ń kọ mí lóminú. Ẹni tí ó bá borí nínú Grand Smash a gba àmì 2,000. Ti Contender kò ju 400 lọ. Láti 2022 tí Grand Smash ti bẹ̀rẹ̀ títí di 2025, kò sí ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní Áfíríkà. Báwo ni ọmọ tí kò rí owó ọkọ̀ òfuurufú yóò ṣe dé Singapore tàbí Beijing? Ọwọ́ wa kò sì kúrú: Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́, borí Timo Boll ará Jámánì ní Rio ní 2016. Contender dé Èkó ní 2023, inú mi sì dùn, nítorí bọ́ọ̀sì lásán lè gbé ọmọ Mushin débẹ̀. Grand Smash ni kí wọ́n gbé wá báyìí.