Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kàwé Okòwò, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Yọ Ọ́ Kúrò Nísọ̀

Ọjà Òjé tí wọ́n ná kẹ́yìn, mo wà níbẹ̀ láti àárọ̀ kùtù. Ẹni tó bá mọ ọjà yìí n'Ìbàdàn mọ̀ pé bí ìtàdógún bá ti pé, ibẹ̀ kì í gba ẹsẹ̀. Àwọn ahunṣọ ti gbé aṣọ òkè dé láti Ìsẹ́yìn àti àwọn ìlú mìíràn, àwọn oníbàárà láti Èkó sì ti ń tú ìdì wò. Wọ́n ń bèèrè ẹtù, wọ́n ń bèèrè àlàárì, wọ́n ń ná an. Iye tí òwú dà báyìí ni mo bá lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìyá kan tí mo dúró sí ìsọ̀ rẹ̀ fi kí mi káàbọ̀.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àbíkẹ́yìn, ló ríwèé gbà sí yunifásítì. Ó yẹ kí inú ìyá dùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn, nítorí ọmọ kò fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Okòwò pẹ̀lú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló fẹ́ kà. "Ìwọ tó o kàwé, bá mi dá sí i," ni ìyá wí fún mi. "Ọjà tí mo ti ń tà látìgbà tí mo wà lómidan, tí mo fi tọ́ ọ dàgbà, òun ló fẹ́ fi ọdún mẹ́rin lọ kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ta ìró kan rí. Ta ló kọ́ èmi?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Oníbàárà dé, a ò sì lè sọ ọ́ yanjú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyá yìí nìkan ló ń bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ojú ìwé yìí lẹ ní ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ sì ní ọmọ tó ń wá yunifásítì. Ní tèmi, ìyá náà jàre níbi kan, ó sì jẹ̀bi níbi méjì. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tó ti kọ́kọ́ jẹ̀bi ni pé ó rò pé ohun tí òun mọ̀ náà ni wọ́n fẹ́ lọ kọ́ ọmọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ákùúrẹ́, ìyẹn FUTA tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1981, wọ́n ní ẹ̀ka kan tí wọ́n ń pè ní Business Information Technology. Orúkọ lè yàtọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò yàtọ̀: ìdajì okòwò, ìdajì kọ̀ǹpútà. Ní apá okòwò, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ ìṣirò owó, ìpolówó ọjà, àti bí wọ́n ṣe ń darí òṣìṣẹ́. Ní apá kọ̀ǹpútà, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó àkọsílẹ̀ ọjà àti ti oníbàárà jọ síbi kan, bí wọ́n ṣe ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo owó tó ń gba orí rẹ̀ kọjá. Kò sí ibi tí wọ́n ti máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ pa aṣọ kí wọ́n tó mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Ìyẹn, ìsọ̀ ìyá rẹ̀ nìkan ló ti lè rí i kọ́.

Ẹni tó bá ń sọ pé kọ̀ǹpútà kò kan aláṣọ òkè, kó rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni wọ́n gbé náírà tuntun jáde, nígbà tó sì fi máa di oṣù kejì ọdún 2023, owó bébà ti wọ́n ju omi ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń gbé ẹrù wálé lálaalẹ́ bí wọ́n ṣe gbé e jáde láàárọ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di òpin ọdún náà. Láàárín ìgbà yẹn, ta ló ń tajà? Ẹni tó ní nọ́ńbà báńkì tí wọ́n lè fi owó ránṣẹ́ sí ni, tó sì mọ bó ṣe máa yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò bóyá owó ti wọlé lóòótọ́. Ẹni tí kò mọ èyí, tó kàn wo álẹ́ẹ̀tì lórí fóònù ẹlòmíràn, tó sì kó ọjà lé e lọ́wọ́, ẹ ò ní í ṣàì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já sí.

Ká tiẹ̀ fi ti owó bébà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìsọ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin. Láàárín ọjà mẹ́ta tó kọjá, àwọ̀ wo ló tà jù? Èwo ló ti wà nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá? Mélòó ni gbèsè yín tó wà níta, àwọn wo ló sì jẹ yín? Nínú owó tó wà lọ́wọ́ yín, èló ni owó ọjà, èló ni èrè? Bí ẹ bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìronú, ẹ kò nílò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa á ní, "Ó wà lórí mi." Orí kì í tẹ́ fún ìsọ̀ kan. Bí ìsọ̀ bá di méjì, tí aṣọ ẹbí ogójì ènìyàn dé láti Èkó lọ́sẹ̀ kan náà pẹ̀lú ti ọgọ́ta ènìyàn láti Òṣogbo, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Iṣẹ́ tí ọmọ tó ka irú ìwé yìí lè ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ìyá ti jàre. Òótọ́ ni pé èèyàn lè kàwé okòwò jáde kó má mọ okòwò. Èmi gan-an jẹ́ ẹ̀rí. Ìmọ̀ ìròyìn ni mo kà ní yunifásítì, wọ́n sì fi mí sí ojú ìwé okòwò nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ọ̀wọ́n ọjà ń ṣe fún oníṣòwò. Ahunṣọ kan ló là mí lójú. Lẹ́yìn tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, òwú tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Mo bi í pé ṣé ó ń jèrè. Ó ní kí n fọkàn bá òun ká lọ: bí òun bá ra òwú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, tí òun fi hunṣọ, tí òun tà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èmi á ní òun jèrè ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí òun bá padà sọ́jà, tí òwú kan náà ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún, èrè dà? Ó ní, "Iye tí n óò fi ra òwú lọ́la ni mo fi ń ta aṣọ tòní." Àwọn olùkọ́ ní orúkọ gígùn fún ohun tó sọ yìí, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ orúkọ náà rí, èmi tí mo sì lọ yunifásítì kò mọ̀ ọ́n. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ká má yọ ọmọ kúrò nísọ̀ nítorí pé ó fẹ́ kàwé. Ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ́ pé bí ọmọ bá ti wọ yunifásítì, wọn kò ní í jẹ́ kó fọwọ́ kan ìdì aṣọ mọ́, wọ́n á ní ó ti di ọ̀mọ̀wé. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìyanṣẹ́lódì. Lọ́dún 2020, àwọn olùkọ́ yunifásítì wà nílé láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá. Lọ́dún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá. Ọmọ tó ní ìsọ̀ tó lè padà sí kò pàdánù gbogbo àsìkò yẹn. Ọmọ tí wọ́n ti sọ fún pé ọjà kò yẹ ẹ́ mọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ló lò ó sí.

Ní ti owó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ta ìsọ̀ nítorí owó ilé-ìwé. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni ètò ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní NELFUND ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn tó wà nílé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó náà fún, kò ní èlé, ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ pé gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Bí Àkúrẹ́ bá jìnnà, Pólì Ìbàdàn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1970 kò jìnnà. Ẹni tó bá gba Bẹẹrẹ já sí Mọ́kọ́lá, tó wá kọjá sí Sángo, ti dé ibẹ̀ tán. Bí ẹ̀yin òbí fúnra yín bá sì ní ìwé ẹ̀rí girama, tẹ́ ẹ fẹ́ kàwé láì ti ìsọ̀ pa, yunifásítì NOUN wà. Ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìjọba ológun tì í lọ́dún 1984, wọ́n sì jí i dìde lọ́dún 2001. Kò nílò ìdánwò JAMB, ilé lèèyàn sì ti ń ka púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ní tiwọn láti ṣe. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES ti wà, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ síbi iṣẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lójú ayé. Báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá ni gbogbo wọn ń sáré sí, bí wọ́n bá débẹ̀, ìwé ni wọ́n á máa gbé láti tábìlì kan sí òmíràn. Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ okòwò kò lè lo oṣù mẹ́fà náà l'Ójèé, kó bá ìsọ̀ mẹ́wàá to àkọsílẹ̀ wọn, kó sì fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀? Ọjà tó ń pè ní ìtàdógún, tó ń ta àwìn, tó ń gba owó lọ́wọ́ Èkó, ẹ̀kọ́ wo ló kù tí kò sí nínú rẹ̀?

Ó wá ku ibi kejì tí ìyá ti jẹ̀bi, ibẹ̀ ló sì le jù. Nígbà tí mo ń lọ, mo bi í bóyá ọmọ náà mọ iye tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́. Ó wò mí bíi pé mo bú u. "Kí ló fẹ́ fi mọ̀ ọ́n ṣe?" ló wí. Mo mọ ẹ̀rù tó ń bà á. Bí ẹbí bá gbọ́ iye tó wà lọ́wọ́ ẹni, ẹ̀bẹ̀ kò ní í tán. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni kò mọ ọlọ́jà kan tó kú lójijì, tí gbèsè tó wà níta sì bá a wọlẹ̀, nítorí òun nìkan ló mọ ẹni tó jẹ ẹ́? Àwọn ajigbèsè á wá síbi ìsìnkú, wọ́n á jẹun, wọ́n á bá wa sunkún, wọ́n á sì lọ.

Ìdáhùn mi sí ìyá nìyí. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ẹ pè é jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ ka orúkọ àwọn tó jẹ yín fún un, kó kọ wọ́n sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye owó. Bó bá dé fún ìsinmi, kó bá yín ṣírò ọjà tẹ́ ẹ tà nígbà tí kò sí nílé. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ìwé tó ń kà kò ràn án lọ́wọ́ láti ṣe é dáadáa lẹ́yìn ọdún kan, ẹ bi í léèrè, ẹ̀tọ́ yín ni. Ọjà tó bá pé, n óò padà sí ìsọ̀ náà. N óò bi ìyá bóyá wọ́n ti kọ orúkọ àkọ́kọ́ sílẹ̀.