Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi Fọwọ́ Kan Ilẹ̀

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nípa àwọn ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wa. Àgbẹ̀ ni mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń lọ mú àwọn ọmọ-ọmọ mi wálé lọ́sàn-án, ohun tí mo sì fojú ara mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìwé wọ̀nyí ló ti da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá wọn. Igi kan kò sí níbẹ̀, koríko kò sí. Ara ògiri ni wọ́n ya ápù sí, àti ilé tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin á pe "A fọ̀ ápù" ketekete, ẹ wá gbé àgbálùmọ̀ lé e lọ́wọ́ nígbà ọyẹ́, kò mọ orúkọ tó ń jẹ́. Ó mọ kìnnìún inú ìwé, kò mọ òkété tó ń jẹ iṣu bàbá rẹ̀ lóko. Èyí tó burú jù ni pé níbòmíràn, bí ọmọ bá fi Yorùbá sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, wọn a ní kó dìde dúró níwájú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta! Kí ló ṣe?

Mo mọ èsì tí àwọn òbí máa fọ̀. Wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, òun náà ni wọ́n fi ń wá iṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí Ifẹ̀. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ òfin kankan tó ní kí olùkọ́ má mú ọmọ jáde lọ wo èèrà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gbówó lórí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú agolo mílíìkì kan wá láti ilé, kí olùkọ́ dá ihò sí i nídìí, kí wọ́n bu ilẹ̀ sí i, kí wọ́n sì gbin hóró àgbàdo méjì síbẹ̀. Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, àgbàdo á ti yọjú. Ẹ wá wo ojú ọmọ lọ́jọ́ náà! Kí wọ́n gbé agolo kan sínú òkùnkùn, kí wọ́n gbé ìkejì sí oòrùn, ọmọ á fúnra rẹ̀ rí i pé ti inú òkùnkùn ṣì í, ó sì ga tín-ín-rín láìlágbára. Kí wọ́n fọwọ́ kan patanmọ́, kí wọ́n wo bó ṣe ń pa ewé dé. Kí wọ́n dúró lábẹ́ ọ̀pẹ, kí wọ́n wo bí ẹyẹ ẹ̀gà ṣe ń hun ilé rẹ̀ tòun tariwo. Bí lékeléke bá ń kọjá, kí wọ́n na èékánná sí i, bí àwa náà ti ń ṣe.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kọ́kọ́ mọ igbó o. Làpálàpá tí a fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká, èso rẹ̀ ń mú ọmọ bì, ó sì ń mú un ṣu. Wérénjéjé pupa olójú dúdú yẹn, bí ọmọ bá rún un lẹ́nu, ó lè pa á. Ibi tí ìjàlọ bá sì ti ń tọ́ lọ, kí wọ́n yà fún un. Ní ti aṣọ tó máa dọ̀tí, èyí tí àwọn ìyá kan máa ń torí rẹ̀ bínú wá bá olùkọ́, mo fẹ́ bi wọ́n léèrè: ọmọ tí aṣọ rẹ̀ kò dọ̀tí rárá, níbo ló jókòó sí láti àárọ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé tiwa nìkan ni mo ń wí. Nínú kíláàsì ọmọ-ọmọ mi tó kéré jù, ọmọ Ìgbò wà níbẹ̀, ọmọ Haúsá wà, ọmọ Àgàtú tí bàbá rẹ̀ ń bá wa ro oko náà wà. Kí ló dé tí wọn kì í pe àwọn ìyá wọn wá lọ́jọ́ Ẹtì kan, kí wọ́n wá pàlọ́? Ìyá Haúsá á sọ fún wọn pé Hassan àti Hussaini ni àwọn ń pe ìbejì ọkùnrin, pé Gambo ló ń tẹ̀lé wọn, àwọn ọmọ wa á ní, "Ìdòwú nìyẹn!" Ìyá Ìgbò á ka ọjọ́ ọjà wọn, Eke, Orie, Afọ, Nkwọ, mẹ́rin ni bí tiwa. Àgbàdo inú agolo yẹn gan-an, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gẹ́ tí a fi ń dín gàrí, òkun ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ta ló wá fẹ́ lé ẹ̀kọ àti gàrí kúrò nílé?

Ẹ̀yin tí ẹ ni jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ fọ́ kọnkéré yín díẹ̀, kó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré. Èyí tó bá wà ní Ìkirè nínú yín, ẹ ránṣẹ́ sí mi kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Màá gbé irúgbìn àgbàdo, ilá àti tẹ̀tẹ̀ wá, n kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kan, Ìkirè