Iná LED lára ọ̀kadà: ilẹ̀ ni ká tàn án sí, kì í ṣe ojú èèyàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ iná ọ̀kadà ni mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí, ó sì máa gùn díẹ̀. Ẹni tí oorun bá ti ń kùn, kó fi pamọ́ di àárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èrò mi. Ọ̀kadà tó bá ń rìn lálẹ́ lójú ọ̀nà tí kò sí iná ìjọba yẹ kó ní iná LED méjì mọ́ èyí tí wọ́n bá a wá láti ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń so ó báyìí, ikú là ń wá fún ara wa àti fún ẹni tó ń bọ̀ níwájú.

Àwọn kan á ní, kí ni ọlọ́kadà ń wá lójú títì lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́? Kó lọ sùn jàre! Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ìgboro ló ń gbé, ó sì ṣeé ṣe kó ní mọ́tò. Ẹ lọ sí Òkè-Ògùn, àwọn abúlé tó wà láàrin Ìṣẹ́yìn sí Ṣakí, tàbí àwọn ahéré tó wà lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi ń gbé aláboyún lọ sílé ìwòsàn tí ìrọbí bá mú un ní aago méjìlá òru. Ọ̀kadà ni. Obìnrin yẹn á jókòó sáàrin, ìyá ọkọ rẹ̀ á dì í mú lẹ́yìn, ọlọ́kadà á máa yẹ kòtò tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀. Èkó lè fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà lóṣù kẹfà ọdún 2022, torí bọ́ọ̀sì wà tí èèyàn lè wọ̀. Níbi tí kò ti sí nǹkan mìíràn ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún aláboyún yẹn pé kó lọ sùn.

Nítorí náà, ìrìn òru ò ní tán. Ká wá bí a ṣe máa ríran ló kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, ẹ má bínú. Ọ̀kadà tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń lọ mítà 16 àti díẹ̀ ní sẹ́kọ́ǹdì kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí ojú bá rí kòtò dé ìgbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá kan bíréèkì, sẹ́kọ́ǹdì kan àbọ̀ ti lọ. Mítà 25 nìyẹn, ọ̀kadà ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró o. Bíréèkì fúnra rẹ̀ á tún gba nǹkan bíi mítà 23 lórí títì tó gbẹ. Ẹ ro ó pọ̀, ó ti ń lọ sí 50. Tí iná yín ò bá jẹ́ kí ẹ rí mítà 50 níwájú, tí ẹ sì ń sáré 60, ẹ ti wà nínú kòtò kí ẹ tó mọ̀ pé kòtò wà. Tó bá wá jẹ́ tírélà tó bàjẹ́ sójú títì láìní iná lẹ́yìn ńkọ́? Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ àtijọ́ yẹn mọ ohun tí mò ń sọ. Ewé ni wọ́n máa ń já sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ tó bàjẹ́. Ewé! Ní òru!

Ẹ wá wo iná tí ọ̀kadà wa ń bá wá. Bajaj Boxer tó kún ìlú yìí, gílóòbù 35 watt ló wà níwájú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, iná iwájú yẹn kì í mu láti ara bátìrì rárá, ara ẹ̀rọ ló ti ń wá tààrà. Ìdí nìyẹn tó fi ń ràn yòò nígbà tí ẹ bá ń sáré, tó sì ń ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà tí ẹ bá rọra. Ẹ rí i bó ṣe rí? Ibi tí kòtò pọ̀ sí, tí ẹ ti ní láti rọra, ibẹ̀ gan-an ni iná ti ń kú mọ́ yín lọ́wọ́. Ká má tiì sọ ti gíláàsì tó ti pọ́n, àti dígí inú rẹ̀ tó ti bó.

Ibẹ̀ ni LED ti wúlò. Gílóòbù àtijọ́, ooru ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń mu dà. LED tó jẹ́ ojúlówó, 10 watt rẹ̀ lè tan ìmọ́lẹ̀ tó ti gílóòbù 35 watt, kó tiẹ̀ jù ú lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta tí wọ́n bí ní Jàpáánì, Akasaki, Amano àti Nakamura, ló gba ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì lọ́dún 2014 torí pé wọ́n ṣe LED aláwọ̀ búlúù. Búlúù yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó funfun: wọ́n á fi èròjà kan tó jẹ́ yẹ́lò bò ó lójú. Èyí tí wọn ò bá bò dáadáa ló máa ń ràn bíi búlúù tó ń gún èèyàn lójú. Ẹ ti mọ irú rẹ̀.

Ẹ wọ ìsọ̀ sípéà pátì èyíkéyìí, ẹ ó rí iná kékeré tí wọ́n kọ "300W" sí lára. Irọ́ ni. Mo lè sọ bẹ́ẹ̀ láìtíì tú u. Pín 300 sí 12 volt, ampere 25 nìyẹn. Wáyà tó wà lẹ́yìn iná yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Tí ampere 25 bá gba inú rẹ̀ kọjá lóòótọ́, á yọ́ kí ẹ tó kúrò ní ìsọ̀. Ẹ̀rọ Boxer gan-an ò lè pèsè ìdajì 300 watt yẹn. Ẹ ní kí rewáyà fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wò ó, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé 15 tàbí 20 ló ń mu. Kò burú o, 20 tó wa. Irọ́ inú ẹ̀ ló ń bí mi nínú, torí ọlọ́kadà tó ra "300W" á gbà pé òun ti ra agbára, ẹni tó ra "60W" á sì máa jowú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iná kan náà ni wọ́n rà. Ẹ fi ọwọ́ gbé e dípò kí ẹ máa ka nọ́ńbà. Ẹ̀yìn LED ló ń gbóná, kì í ṣe iwájú, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irin gidi tó ní ìyẹ́ tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá jẹ́ rọ́bà fúyẹ́fúyẹ́, ẹ dá a padà fún wọn.

Ó ku wíwáyà, ibi tí mo ti máa ń fẹ́ sunkún. Wọ́n á bó wáyà họ́ọ̀nù lára, wọ́n á lọ́ ti LED mọ́ ọn, wọ́n á fi ọ̀rá wé e, ó parí! Òjò kan ṣoṣo ló kù. Ẹ má sì gbàgbé ohun tó jókòó lé orí wáyà yẹn: táǹkì epo.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ò le. Kí wáyà tuntun wá látinú bátìrì, kí fíúsì wà lára rẹ̀ nítòsí bátìrì níbẹ̀ gan-an, kí ó gba ibi kọ́kọ́rọ́ kọjá kí iná lè kú tí ẹ bá ti pa ọ̀kadà, kí súwíìṣì tirẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òsì. Tí iná méjèèjì pọ̀ tí kò bá ju 20 watt lọ, súwíìṣì tó dáa lásán tó. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi rílé sí i kí súwíìṣì má baà máa gbóná. 20 watt lórí 12 volt kò tó ampere méjì, fíúsì 3 ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi fíúsì 30 síbẹ̀ torí pé "èyí ò ní jó", ẹ gba ọ̀kadà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Kó jó ni iṣẹ́ rẹ̀! Fíúsì tí kò lè jó, wáyà ló máa jó nípò rẹ̀.

Ẹ má sì tan iná yìí sílẹ̀ níbi tí ẹ ti ń dúró de èrò pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ti kú. Bátìrì 5Ah ò ní lò tó wákàtí mẹ́ta kó tó gbẹ.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde gan-an rèé: ibi tí iná kọjú sí.

Ẹ ti pàdé wọn rí. Ọ̀kadà kan ń bọ̀, iná méjì funfun báláú kọjú sí ojú yín tààrà, òmíràn á tún máa ṣẹ́jú ṣìì ṣìì ṣìì bíi ti ọlọ́pàá tó ń sin gómìnà. Tí ẹ bá bá ẹni tó gùn ún sọ̀rọ̀, á ní, "Ṣé ẹ ò rí bí àwọn onímọ́tò ṣe ń tan fúlù sí mi lójú ni? Èmi náà á tàn án sí wọn." Mo gbọ́. Ìyà yẹn ń jẹ èmi náà tí mo bá wà lórí ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n ta lẹ̀ ń gbẹ̀san lára rẹ̀? Ojú tí iná bá bọ́ nínú òkùnkùn kì í padà sípò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ti àgbàlagbà tún máa ń pẹ́ ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ẹ ní sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta péré. Tírélà tó ń sáré 80 á ti lọ mítà 66 láàrin ìgbà yẹn, dírẹ́bà rẹ̀ ò sì rí nǹkan kan. Kí ló wà nínú mítà 66 yẹn? Ẹ̀yin ni. Ẹni tó gbé ẹrù ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù bọ̀ wá bá yín lẹ fọ́ lójú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sórí táyà méjì.

Àwọn tó sì ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìyá tó ń ti ọjà alẹ́ bọ̀ tòun ti igbá lórí, wọn ò ní iná tí wọ́n lè fi gbẹ̀san.

Bí wọ́n ṣe ń kọjú rẹ̀ sí ilẹ̀ rèé, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé ọ̀kadà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó kọjú sí ògiri ní mítà méje àbọ̀. Ẹ wọn bí iná yín ṣe ga sí láti ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri ní gíga kan náà. Ẹ wá tan iná. Àárín ibi tó mọ́lẹ̀ jù gbọ́dọ̀ wà ní sẹ̀ntímítà 10 sísàlẹ̀ ìlà yẹn. Tí iná bá wà ní sẹ̀ntímítà 70 sí ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kan títì ní bíi mítà 50. Mítà 50 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan yẹn náà ni. Ẹ ń rí ohun tẹ́ ẹ nílò, ẹnikẹ́ni ò sì fọ́ lójú.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn fídíò òyìnbó kì í sọ, torí wọn kì í gbé èrò méjì. Ẹ ṣe é nígbà tí èèyàn wà lórí ọ̀kadà! Tí èrò bá jókòó sẹ́yìn, ẹ̀yìn ọ̀kadà á lọ sílẹ̀, iwájú á gbójú sókè, iná tó wà nísàlẹ̀ ìlà á sì gòkè sójú èèyàn. Tó bá jẹ́ èrò méjì pẹ̀lú àpò gàrí lẹ máa ń gbé, ẹ gbé èrò méjì pẹ̀lú àpò gàrí síbẹ̀ kí ẹ tó so bóòtù le.

Lórí àwọ̀, àwọn kan ní yẹ́lò ń gba inú ọyẹ́ kọjá ju funfun lọ. Ẹ máa jà á lọ. Lójú tèmi, ibi tí iná wà ṣe pàtàkì ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ so ó sísàlẹ̀ lára gáàdì, kì í ṣe sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ hándù. Èyí tó bá wà lókè á tan eruku tó wà níwájú yín padà sí yín lójú. Àti pé ẹ dákun, kí iná pupa ẹ̀yìn máa ṣiṣẹ́, kí ẹ lẹ téèpù tó ń dán mọ́ ibẹ̀. LED iwájú ò ní gbà yín lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

N ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ọlọ́kadà. Gáréèjì tí wọ́n ti ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ pọ̀. Mi ò tíì rí èyí tó fa ìlà sára ògiri rẹ̀ kan. Kí ni yóò ná wọn? Agolo ọ̀dà kan, ìlà kan lára ògiri, ìlà kan nílẹ̀ ní mítà méje àbọ̀, àti rewáyà kan tó ní sípánà 10 àti 12 láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kí ọlọ́kadà gbé èrò tó kọ́kọ́ rí wá síbẹ̀, kí wọ́n wo iná rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì, kó máa lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ alága gáréèjì àdúgbò yín, ẹ bá mi fi èyí hàn án. Tó bá ní owó ọ̀dà ni kò sí, ẹ sọ fún mi, màá gbé agolo kan wá.