Ibùwọ̀ ní Ayigya

Àwọn olùkọ́ wa tí ń lọ sí Kumasi ní ilẹ̀ Gánà a máa bi wá léèrè ibi tí àlejò lè wọ̀ sí. Ayigya ni àwa ń tọ́ka sí, lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a ṣí ní 1952. Ní Zongo ibẹ̀, a ń rí waakye, ìrẹsì òun ẹ̀wà tí a sè pọ̀. (Fùfú wọn, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí a gún pọ̀, dùn ju tiwa lọ, kí ará ilé má bínú!)

Ṣùgbọ́n kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àjèjì tí kò níwèé kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ilé àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ni ọmọ Yorùbá ń wọ̀ ní Kumasi. Ẹ yà kí àwọn tí ó ṣẹ́kù, kí ẹ tó sanwó hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn gbọ́ Yorùbá lẹ́nu yín.