Ìfẹ́, Ìgbàgbọ́ àti Ọ̀ràn Osu ní Onitsha: Ibi Tí Agbára Òfin Mọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Onitsha ní ilẹ̀kùn púpọ̀ láti kàn. Ìjọ Àgùdà yóò béèrè ìwé ìrìbọmi, yóò kọ́ àwọn méjèèjì ní ẹ̀kọ́ nípa ìgbéyàwó, yóò sì kéde orúkọ wọn kí ẹni tí ó bá mọ ohun kan lè sọ ọ́. Ìjọba, ní tirẹ̀, yóò béèrè ọjọ́ orí wọn àti bóyá ọ̀kan nínú wọn ti ní aya tàbí ọkọ tẹ́lẹ̀. Kò sí èyí tí yóò béèrè nínú ìjọ àti ìjọba bóyá a fi baba-ńlá ọmọbìnrin náà jìn fún òrìṣà kan ní ayé àtijọ́. Ẹbí ni ó ń béèrè ìyẹn, wọ́n sì ń béèrè rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àlùfáà tàbí kóòtù rárá. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ náà sábà máa ń parí níbẹ̀, láìsí ẹjọ́, láìsí ariwo, láìsí ìwé kankan tí a lè tọ́ka sí.

Ọ̀ràn osu ni à ń sọ yìí. Ní ilẹ̀ Ìgbò àtijọ́, diala ni ọmọ bíbí inú ìlú, ohu ni ẹrú tí ènìyàn rà fún ara rẹ̀, osu sì ni ẹni tí a yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà di osu pọ̀. Wọ́n lè ra ẹnì kan kí wọ́n fi san ẹ̀jẹ́. Ẹni tí ogun, gbèsè tàbí ìdájọ́ ń lé lè sá wọ ojúbọ kí ó fi ara rẹ̀ sí abẹ́ ààbò òrìṣà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ osu, òun náà ti di ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ tí osu bá bí, osu ni. Ẹ̀bá ojúbọ ni wọ́n ń gbé, wọn kì í gé irun orí wọn, diala kì í sì í bá wọn dá àna. Ẹ̀rù wà nínú ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀gàn ti wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ṣe osu léṣe ti fọwọ́ kan ohun ìní òrìṣà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí Yorùbá ní láti ṣọ́ra. “Ẹrú òrìṣà” ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn, ṣùgbọ́n kò gbé ìtumọ̀ náà délé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwọ̀fà ń san gbèsè kí ó sì gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹrú lè ra ara rẹ̀ padà, ó tilẹ̀ lè di ènìyàn ńlá ní ààfin. Ẹni tí ó sì jẹ́ ti òrìṣà kì í ṣe ẹni ẹ̀gàn. Àwòrò ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀, ẹni tí ó ń jẹ́ Ṣàngóbùnmi tàbí Ọ̀ṣúnbùnmi kò sì pàdánù àna àtàtà nítorí orúkọ náà. Kì í ṣe pé Yorùbá ń fẹ́ ìyàwó láìwádìí o. Alárinà ń tọ pinpin ìdílé, ó ń béèrè wèrè, ẹ̀tẹ̀, olè jíjà àti gbèsè, ìwádìí yìí náà sì ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn níkà. Ṣùgbọ́n àrùn àti ìwà ni ó ń wá. Ti osu kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwà ẹnikẹ́ni, kò sì sí ohun tí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ lè ṣe láti jáde.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni pé àwọn tí ó ń bọ àwọn òrìṣà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní oṣù Keje ọdún 1857 ni Samuel Ajayi Crowther àti John Christopher Taylor dá ibùdó C.M.S. sílẹ̀ ní Onitsha. Crowther, ọmọ Òṣoògùn, ti jẹ́ ẹrú rí. Taylor jẹ́ ọmọ àwọn Ìgbò tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, Sàró ni wọ́n sì bí i sí. Àwọn Fádà Ẹgbẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ dé ní 1885, àwọn náà ra ẹrú sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn jọ sí abúlé onígbàgbọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn tí ayé ti ta nù ti wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jókòó nínú ìjọ ní agbègbè yìí. Chinua Achebe, ọmọ Ogidi tí kò jìnnà sí Onitsha, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ajíhìnrere C.M.S., fi èyí hàn nínú Things Fall Apart (1958), ìwé tí Wale Ogunyemi túmọ̀ sí Yorùbá pẹ̀lú àkọlé Ìgbésí Ayé Okonkwo. Nínú ìtàn náà, osu méjì wọ ilé ìjọ ní Mbanta, àwọn onígbàgbọ́ tuntun sì fẹ́ lé wọn jáde. Kiaga, olórí ìjọ náà, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí wọ́n fá irun orí wọn. Wọ́n fá a, wọn kò sì kú.

Ṣùgbọ́n nínú No Longer at Ease (1960), ọ̀rọ̀ yí padà. Nwoye, ọmọ Okonkwo tí ó fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ láti tẹ̀lé ìjọ, ti di Isaac, ajíhìnrere tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀, Obi, fẹ́ fẹ́ Clara, nọ́ọ̀sì tí ó kàwé ní ìlú òyìnbó, tí ó jẹ́ ọmọ osu. Obi ń fi Bíbélì bá bàbá rẹ̀ jiyàn, ó rò pé ibẹ̀ ni òun yóò ti borí. Bàbá kò sọ pé irọ́ ni ọmọ ń pa. Ohun tí ó ń rò ni àwọn ọmọ tí a kò tíì bí: ta ni yóò fẹ́ wọn? Ìyá ní tirẹ̀ sọ pé bí Obi bá fẹ́ Clara lójú ayé òun, òun yóò pa ara òun. Ìfẹ́ náà dàrú, wọ́n ṣẹ́ oyún tí ó wà níbẹ̀, Clara sì bá tirẹ̀ lọ. Ìtàn àròsọ ni, ṣùgbọ́n ìdí tí bàbá Obi fi kọ̀ ni ìdí tí àwọn ẹbí ṣì ń fi kọ̀ títí di òní. Wọn kò bẹ̀rù òrìṣà mọ́. Ẹbí mìíràn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ìdílé kan lè gbà láàárín ara wọn pé asán ni ọ̀rọ̀ osu, síbẹ̀ kí wọ́n kọ ìyàwó náà, nítorí wọ́n mọ̀ pé tí wọ́n bá gbà á, àwọn tí ó yí wọn ká yóò ka àwọn ọmọ wọn sí osu. Báyìí ni òfin tí kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́ ṣe ń rí olùtọ́jú ní gbogbo ilé.

Òfin ìjọba wà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1956, ilé aṣòfin Ẹkùn Ìlà-Oòrùn fi òfin pa ètò osu rẹ́, nígbà tí Nnamdi Azikiwe, ọmọ Onitsha, jẹ́ Olórí Ìjọba ẹkùn náà. Òfin náà sọ pé ẹni tí ó bá jẹ́ osu kò jẹ́ osu mọ́ láti ọjọ́ náà lọ, àti pé àwọn ọmọ rẹ̀ kì yóò jẹ́ ẹ. Abala 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 náà kò gbà pé kí a fi ipò ìbí ẹnikẹ́ni dù ú ní ẹ̀tọ́. Àwọn òfin wọ̀nyí kì í ṣe òfo.  Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ wo ni yóò pàṣẹ fún bàbá pé kí ó gba àna? Ìyá tí ó sọ pé ọkàn òun kò gbà á kò rú òfin kankan, kò sì ní láti sọ ìdí rẹ̀. Íńdíà bá irú ìṣòro yìí pàdé: ìwé òfin wọn ti 1950 fi òpin sí àìfọwọ́kàn, ṣùgbọ́n láti 1936 ni B. R. Ambedkar ti kọ̀wé pé àyàfi tí àwọn ènìyàn bá ń fẹ́ ara wọn kọjá ààlà ìbí ni ọ̀ràn náà yóò tán.

Onitsha fi èyí hàn gedegbe nítorí pé ìlú ọjà ni. Ọmọ Nnewi, ọmọ Awka, ọmọ Owerri ń pàdé ní ìsọ̀ àti nínú ẹgbẹ́ akọrin, kò sì sí ẹni tí ó mọ ojúbọ tí baba-ńlá ẹnì kejì gbé ní ẹ̀bá rẹ̀. Ìlú yìí kan náà ni ó tẹ àwọn ìwé pélébé tí ó kọ́ ọ̀dọ́ ní èdè ìfẹ́ ṣáájú ogun abẹ́lé. Veronica My Daughter, eré tí Ogali A. Ogali kọ, jáde ní 1956, ọdún òfin osu gan-an. Bàbá Veronica fẹ́ fi í fún olóyè olówó. Veronica yan Mike, ó sì borí. Òǹkàwé ń fi bàbá náà rẹ́rìn-ín nítorí pé kò kàwé, ojú rẹ̀ sì wà lára owó. Bàbá Obi kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀: ó kàwé, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ìlú lè bo ìran mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n abúlé kò gbàgbé. Nígbà tí ẹbí ọkọ bá ti kan ilẹ̀kùn tán ni ìwádìí, tí Ìgbò ń pè ní ajụjụ ese, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì gba abúlé àwọn méjèèjì kọjá. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti wá sọ ìrìn ọjọ́ mẹ́ta di ìpè kan.

Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2018, Nri, ní Ìpínlẹ̀ Anambra kan náà, gba ọ̀nà mìíràn. Eze Nri àti àwọn tí ó ń jà fún ìfòpinsí ètò náà péjọ, wọ́n sì fi ètùtù pa á rẹ́. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Nri ni ilẹ̀ Ìgbò ń wò láti ayébáyé fún ìwẹ̀nùmọ́ èèwọ̀. Ohun tí a fi ètùtù dè, ètùtù ni wọ́n fi tú u. Àwọn àlùfáà kan lè má fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá ẹni tí ó ṣì ń bẹ̀rù sọ̀rọ̀ ní èdè tí ẹ̀rù rẹ̀ gbọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ìlú tí kò bá sí níbẹ̀ lè sọ pé kò kan òun, ìgbéyàwó sì sábà máa ń da ìlú méjì pọ̀.

Ó ku ọ̀nà kóòtù. Lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ti ìjọba àpapọ̀, ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 21 kò nílò ìwé àṣẹ òbí. Obi àti Clara ti òde òní lè lọ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n dúró de àkókò ìkéde, kí wọ́n sì di tọkọtaya. Ibí yìí ni ìjọ Àgùdà, tí kò ka osu sí ohunkóhun, ti ń di ẹrù náà lé wọn lórí láìmọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ìjọ ti 1983, Àgùdà tí ó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù nìkan kò tíì ṣe ìgbéyàwó lójú ìjọ, kò sì lè gba oúnjẹ mímọ́. Kí ó sì tó dé iwájú pẹpẹ, ó wọ́pọ̀ kí ìjọ ní kí wọ́n lọ parí owó orí àti ìgbá nkwụ lọ́dọ̀ ẹbí ná. Ẹbí tí ó bá sì ti ṣe ìwádìí kò ní jẹ́ kí ìgbá nkwụ wáyé. Olùfẹ́ méjì tí ó sá fún ìdájọ́ ẹbí yóò wá bá ìjìyà ìjọ pàdé lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣẹ̀ ni pé ẹbí kọ̀.

Òfin ìjọ náà kò béèrè èyí. Kánọ́nù 1057 sọ pé ìfẹ́ inú àwọn méjèèjì ni ó ń so ìgbéyàwó, kò sì sí agbára ènìyàn tí ó lè dípò rẹ̀. Kánọ́nù 1071 dárúkọ òbí tí kò gbà, ṣùgbọ́n nítorí àwọn tí kò tíì dàgbà nìkan ni. Àlùfáà tí ó bá so ọmọ diala àti ọmọ osu pọ̀ láìdúró de ẹbí kò rú kánọ́nù kankan nínú àwọn wọ̀nyí. Ohun tí yóò dojú kọ ni àwọn ìdílé méjèèjì lórí ìjókòó wọn ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, àti àwọn ìdílé mìíràn tí ọmọ wọn ti tó ọkọ.